Kí Ló Ń Rẹ Dókítà Tó Ń Kun Aláìsàn Lóorun?

Ẹ ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, tàbí kó ti ṣẹlẹ̀ sí èèyàn yín kan. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ìyá yín, ẹ sanwó, ẹ wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìyá ò fẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ àná. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó ní iṣẹ́ abẹ ò ní lè wáyé mọ́ lónìí. Ẹ bi í pé ṣé dókítà tó fẹ́ ṣe é ò wá ni. Ó ní ó wá. Kí ló wá dé? Kò sí ẹni tó máa kùn wọ́n lóorun. Ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí ẹbí jù, torí lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, abẹ́rẹ́ oorun kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tí ẹni yẹn fẹ́ wá gún.

Ìròyìn kan tún wà tó da ọ̀rọ̀ rú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan kú ní Èkó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì figbe ta pé wákàtí 72 ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó dolóògbé. Àríyànjiyàn gbòde. Àwọn kan ní ètò ìlera wa ló pa á, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ kì í pa èèyàn. Dókítà yẹn kì í ṣe akunilóorun, ṣùgbọ́n ohun tí ikú rẹ̀ gbé dìde kan àwọn akunilóorun gbọ̀ngbọ̀n. Àárẹ̀ tó bá mú wọn wà lára ohun tó ń pinnu bóyá aláìsàn á jí dáadáa tàbí kò ní í jí, ìdí sì nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí gbogbo wa lóye rẹ̀.

Ta ni dókítà akunilóorun, kí ló sì ń ṣe?

Dókítà ni bíi ti oníṣẹ́ abẹ. Ó ti ka ìmọ̀ ìṣègùn parí ní yunifásítì, ó ti ṣe ọdún kan tí gbogbo dókítà tuntun máa ń fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, kó tó wá lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun èèyàn lóorun àti bí wọ́n ṣe ń jí i. Ní Nàìjíríà, ìdánwò National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Surgeons ló gbọ́dọ̀ yege kó tó di ọ̀gá pátápátá nínú iṣẹ́ náà. Àwọn nọ́ọ̀sì kan náà wà tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yìí ní pàtó, àwọn ló sì ń gbé e ró ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tí kò ní irú dókítà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ tíátà. Òun ló máa béèrè pé ṣé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, oògùn wo ni ara yín kì í gbà, eyín wo ló ń mì lẹ́nu yín. Bó bá wá di inú tíátà, tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ńlá, nǹkan mẹ́ta ló ní láti ṣe pọ̀: kí aláìsàn má mọ ohun tó ń lọ, kí ìrora má bá a, kí iṣan ara rẹ̀ sì dẹ̀ kó má baà mira lábẹ́ ọ̀bẹ.

Ìkẹta yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Àwọn iṣan tí a fi ń mí wà lára iṣan tí oògùn náà máa mú dẹ̀. Láti ìgbà tí oògùn bá ti wọlé, aláìsàn ò lè mí fúnra rẹ̀ mọ́, dókítà akunilóorun ló ń bá a mí. Ó máa ki ọ̀pá róbà kan gba ẹnu wọ ọ̀nà èémí, á so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa fẹ́ ọ́síjìn àti gáàsì oorun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ wà nítòsí ara wọn. Bí ọ̀pá bá ṣìnà wọ ọ̀nà oúnjẹ, ikùn ni afẹ́fẹ́ ń lọ, tí wọn ò bá sì tètè mọ̀, ọpọlọ tí kò rí ọ́síjìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìbàjẹ́ yẹn kò ní àtúnṣe.

Lẹ́yìn náà ni yóò jókòó ti orí aláìsàn títí iṣẹ́ fi máa parí. Ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dà sílẹ̀ ṣe tó. Fún ìyá tí wọ́n fẹ́ ṣe CS fún, abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń lò, ìyá ò ní sùn, yóò tiẹ̀ gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yẹn náà lè mú kí ìfúnpá ìyá já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀mí méjì ló sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, òun ló máa jí aláìsàn, òun ló máa rí i pé ó ń mí fúnra rẹ̀. Àwọn akunilóorun ló tún sábà máa ń wà ní ICU, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè.

Kí là ń pè ní másùnmáwo?

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé iṣẹ́ púpọ̀ ni másùnmáwo. Ẹnì kan lè ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí inú rẹ̀ sì dùn. Richard Lazarus àti Susan Folkman, àwọn onímọ̀ ìrònú ọmọ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1984 lọ́nà tó yé èèyàn: másùnmáwo máa ń wáyé nígbà tí èèyàn bá rí i pé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ òun ti ju ohun tó wà níkàáwọ́ òun lọ. Ohun tó wà níkàáwọ́ lè jẹ́ àkókò, ó lè jẹ́ ìmọ̀, ó lè jẹ́ irinṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí yóò ranni lọ́wọ́.

Ara máa ń dáhùn sí i. Ó máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á tutù, ojú á là. Bó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó dára, ó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti tètè ṣe ohun tó yẹ. Tó bá wá di ojoojúmọ́, tí ara ò ráyè rọlẹ̀, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ìfúnpá á ga, èèyàn á máa kanra mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ láìnídìí.

Bí ìyẹn bá pẹ́ tí kò sẹ́ni tó dá sí i, ó lè di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní burnout. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé pé burnout kì í ṣe àìsàn, pé ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, nígbà tí másùnmáwo bá ti pẹ́ láìsí àbójútó. Àmì mẹ́ta ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Okun á tán pátápátá nínú èèyàn. Iṣẹ́ tó ti fẹ́ràn á sú u, á wá máa wo àwọn tó ń tọ́jú bí ẹrù. Á sì máa rò pé òun ò wúlò lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́. Ìkejì yẹn ló ń dùn mí jù, torí òun ni àwa aláìsàn máa ń rí, a kàn máa ń sọ pé dókítà yẹn ò láàánú ni.

Kí ló mú tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn dókítà yòókù?

Ẹ wo awakọ̀ bọ́ọ̀sì òru tó ń kó èrò láti Èkó lọ sí Kánò. Gbogbo èrò ti sùn. Ọ̀nà gùn, ó dákẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà, torí màlúù lè já wọ títì nígbàkigbà. Bí iṣẹ́ akunilóorun ṣe rí nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó gùn ló máa ń tánni lókun, lẹ́yìn náà ni ìṣẹ́jú mẹ́ta tí gbogbo nǹkan máa dojú rú á wá dé, wọ́n sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere.

Ibi tí ìpayà ti ń pọ̀ jù ni ìgbà tí aláìsàn bá ń sùn lọ àti ìgbà tó bá ń jí. Ní tiwa, àwọn ìpayà mìíràn tún wà tí dókítà tó wà nílùú òyìnbó kì í fojú rí. Iná lè lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń bá aláìsàn mí, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ọwọ́ ni dókítà á máa fi tẹ báágì afẹ́fẹ́ lórí ìmọ́lẹ̀ fóònù. Sílíńdà ọ́síjìn lè tán láìrò tẹ́lẹ̀. Ìgò oògùn méjì lè jọra bí ìbejì, ọ̀kan ń mú iṣan dẹ̀, èkejì ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì lè wà nínú páálí kan náà nítorí pé ibi tí wọ́n ti rí oògùn rà lóṣù yìí yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè má ju ẹyọ kan lọ láàárín tíátà méjì.

Ohun mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ẹbí máa ń mọ̀, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Akunilóorun ti lọ sórí aláìsàn mìíràn kí ti àkọ́kọ́ tó mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó le tó báyìí láìsí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ nílò ọkàn tó lágbára gan-an.

Kí ni másùnmáwo ń ṣe fún ọpọlọ lójú ẹsẹ̀?

Ìtàn kan wà tí àwọn akunilóorun káàkiri àgbáyé fi ń kọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2005, obìnrin kan tó ń jẹ́ Elaine Bromiley wọ ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ abẹ tí kò le ní imú. Ara rẹ̀ yá gágá, ó ní ọmọ kéékèèké méjì nílé. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, irinṣẹ́ wọn sì pé. Wọ́n kùn ún lóorun tán, ọ̀nà èémí rẹ̀ ò ṣí. Ọ́síjìn ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti ki ọ̀pá wọ ọ̀fun rẹ̀, kò wọlé. Dókítà mìíràn dé, òun náà gbìyànjú, kò wọlé. Wọ́n ń gbìyànjú ohun kan náà ṣáá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí ọ̀pá kò bá gba ẹnu wọlé, tí afẹ́fẹ́ kò sì lọ lọ́nà kankan mọ́, wọ́n máa ń dá ihò kékeré sí iwájú ọrùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ ti sáré lọ gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá, ó sọ fún wọn pé ó ti wà ńlẹ̀. Nọ́ọ̀sì mìíràn ti pe ICU pé kí wọ́n pèsè bẹ́ẹ̀dì. Àwọn dókítà ò ka ọ̀rọ̀ wọn sí. Elaine kò jí mọ́, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ 13.

Martin, ọkọ rẹ̀, jẹ́ awakọ̀ òfuurufú. Níbi iṣẹ́ tirẹ̀, bí ọkọ̀ bá já, wọ́n máa ń ṣèwádìí láti mọ ohun tó fà á kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, ohun tó sì bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn lórí ikú ìyàwó rẹ̀. Ohun tí ìwádìí fi hàn ni pé àwọn dókítà yẹn kò ya ọ̀lẹ, wọn kò sì ya òpè. Másùnmáwo ló gbá ọpọlọ wọn mú. Bí ìpayà bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, ọkàn èèyàn á lẹ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo, kò ní mọ iye ìṣẹ́jú tó ti lọ mọ́, etí rẹ̀ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ. Ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kò kàn tó o. Ní 2007, Martin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Clinical Human Factors Group, tó ń kọ́ àwọn oníṣègùn nípa irú nǹkan yìí.

Mo dúró pẹ́ lórí ìtàn yìí nítorí àwọn nọ́ọ̀sì yẹn. Wọ́n mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ kí ọ̀gá gbọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ló ṣe máa rí ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti kékeré pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà? Ọ̀wọ̀ dára, èmi náà fẹ́ kó wà. Ṣùgbọ́n nínú tíátà, ó yẹ kí ẹni tó kéré jù lè sọ pé "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná" kí wọ́n má sì bú u lẹ́yìn rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ pé òun ló ṣàṣìṣe.

Àìsùn ńkọ́?

Ní 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Dawson àti Reid, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, bí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ṣe máa ṣiṣẹ́ pọ̀ á ti dà bíi ti ẹni tó mutí dé 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Yúróòpù fi ṣe òpin fún awakọ̀. A kò ní gbà kí dókítà tó ń rùn fún ọtí fọwọ́ kan ìyá wa, síbẹ̀ a ń yin èyí tí kò sùn láti àná pé akínkanjú ni.

Àìsùn yìí kì í hàn sí dókítà fúnra rẹ̀. Ẹni tí oorun ń kùn sábà máa ń rò pé òun ṣì wà dáadáa, torí ọpọlọ tó yẹ kó fi wọn ara rẹ̀ gan-an ló ti rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ojú á ṣì là sílẹ̀, ọpọlọ á sùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì jí láìmọ̀ pé òun sùn.

Ewu náà ń tẹ̀ lé wọn délé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní UK ní 2017, tí àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ akunilóorun tí wọ́n lé ní 2,000 dáhùn sí, 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ti ní ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí díẹ̀ ló kù kí àwọn ní in, nígbà tí àwọn ń darí lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Nígbà tí ìwádìí náà jáde, àwọn ẹgbẹ́ akunilóorun ibẹ̀ ń jà fún yàrá ìsinmi àti ibi tí èèyàn lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó wakọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 2003 ni wọ́n ti fi òpin sí i pé dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀. Wákàtí 80 ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n òpin wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n kéré tó báyìí?

Ẹgbẹ́ àwọn akunilóorun lágbàáyé, WFSA, sọ pé ó kéré tán, ó yẹ kí dókítà akunilóorun márùn-ún wà fún 100,000 èèyàn. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, ti Nàìjíríà kò tó ẹyọ kan. A lé ní 200 mílíọ̀nù. Tí ẹ bá fi ìṣirò wọn gbé e, ó yẹ ká ní bíi 10,000.

Jápa wà nínú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wa mọ̀. UK, Kánádà àti Saudi Arabia ń gba àwọn tí a kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n kí jápa tó gbòde ni wọ́n ti kéré. Nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló fẹ́ di oníṣẹ́ abẹ tàbí dókítà ọmọdé, torí àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń rí, àwọn wọ̀nyẹn ló sì lè dá ilé ìwòsàn tiwọn sílẹ̀. Akunilóorun kì í ní aláìsàn tirẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń fà. Bí ọ̀kan bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ, àwọn tó kù ló máa pín in. Kọ́ọ̀lù, ìyẹn ìgbà tí dókítà ń dúró de pàjáwìrì lóru, tó yẹ kó kàn èèyàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ á di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lálẹ́, ìyá kan ń rọbí tí ọmọ ò fẹ́ jáde, wọ́n gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá dé, ICU ń pè, dókítà kan ló wà fún gbogbo rẹ̀. Yóò pinnu ẹni tí òun máa kọ́kọ́ dá lóhùn, yóò sì mọ̀ pé ẹni tí òun fi sílẹ̀ lè má dúró dè òun. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ló ń kó àárẹ̀ bá ọkàn ju wákàtí iṣẹ́ lọ. Tí ó bá wá rẹ òun náà, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí ẹrù máa bọ́ sí lọ́rùn.

Bí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ẹbí á sunkún, ó sì tọ́ sí wọn. Dókítà á fi aṣọ nu ojú, á wọ tíátà kejì, torí aláìsàn mìíràn ti ń dúró. Ní 2000, Albert Wu, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí irú nǹkan báyìí ń ṣe léṣe, pé oníṣègùn tó wà níbẹ̀ ni ìkejì. Oorun rẹ̀ á dà rú, ohùn ẹ̀rọ á máa dún létí rẹ̀ nílé, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n nígbà tó bá tún fẹ́ fún ẹlòmíràn ní oògùn kan náà. Bẹ́ẹ̀, ó lè má sí àṣìṣe kankan tó ṣe.

Kí ló dé tí wọn kì í sọ ọ́ síta? Ìbẹ̀rù ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ẹnu ayé tún jù ú lọ: dókítà tó bá lọ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n á ní ó ti ń lọ sí Aro. Àpọ́nlé ló yẹ kí orúkọ Aro jẹ́ fún wa, torí ní 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ níbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé dípò kó tì wọ́n mọ́lé, àgbáyé sì wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀ ìtìjú ṣì wà.

Ìtìjú yìí léwu fún akunilóorun ju fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, nítorí ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Oògùn ìrora tó lágbára àti oògùn oorun wà nínú káńtà rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí i pé iye akunilóorun tó ń wọ ibi ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún pọ̀ ju ohun tó yẹ kó jẹ́ láàárín àwọn dókítà. Àwọn kan sì ti fi í gba ẹ̀mí ara wọn. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà ń lò, ní abala 327, ka ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni òfin yẹn ń lé wọ inú òkùnkùn, ó sì yẹ kí wọ́n yí i padà.

Báwo ni wọ́n ṣe lè fara dà á?

Àwọn onímọ̀ pín ọ̀nà ìfaradà sí oríṣi méjì. Èkíní ni kí èèyàn kọjú sí ohun tó ń dà á láàmú. Èkejì ni kó tu ara rẹ̀ nínú nígbà tí ohun náà kò ṣeé yí padà. Àdúrà, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, àsàlátù, bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ní yàrá tíì, ìkejì ni gbogbo wọn. Wọ́n wúlò, mi ò ní fọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Oorun ogún ìṣẹ́jú láàárín òru náà ń ṣiṣẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ náà ni kí èèyàn sùn díẹ̀ kó tó wakọ̀ lọ sílé. Ọtí, sìgá, oògùn oorun tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún un, àti kí ó máa fi ìbínú bá àwọn nọ́ọ̀sì wí, wọ́n á tù ú lára lálẹ́ kan, wọ́n á sì dá kún ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò: ibi tí wọ́n bá ti ń sọ fún dókítà pé kó lọ máa ṣe eré ìmárale, tí wọ́n sì fi í sórí kọ́ọ̀lù ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti gbé ẹrù ilé ìwòsàn lé ẹnì kan lórí. Ara ò ṣòkúta. Ohun tó ń gbani là níbẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́: kí kọ́ọ̀lù ní òpin, kí ẹnì kan wà tí yóò dúró fún un fún ìdajì wákàtí kó lọ jẹun, kí bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ wà fún ẹni tó wà lórí kọ́ọ̀lù, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ gbogbo síríńjì pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀ síra kí ojú tó rẹ̀ má baà ṣìnà.

Ìwé àyẹ̀wò tí WHO gbé jáde ní 2008 wà lára rẹ̀. Kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí ó tó kúrò ní tíátà, wọ́n máa dúró, wọ́n á ka ìbéèrè díẹ̀ sókè: ta ni aláìsàn yìí, iṣẹ́ abẹ wo la fẹ́ ṣe, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà ńlẹ̀? Wọ́n sì ní kí gbogbo wọn sọ orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn fún un láti tún sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ikú tàbí ìjàǹbá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìwá ẹni tí wọ́n máa dá lẹ́bi, kí ọ̀gá kan sì sọ fún dókítà náà pé kó má tíì padà sí tíátà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìpara-ẹni bá ń wá sí lọ́kàn, dókítà ni o, ará ìta ni o, kó tọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà láwọn ilé ìwòsàn ńlá, SURPIN, ètò kan tó ń dènà ìpara-ẹni, tó fìdí kalẹ̀ sí LUTH ní Èkó sì wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Kí ni ipa tiwa tí a ń gba iṣẹ́ abẹ?

Apá kan wà nínú ìpayà wọn tí àwa aláìsàn lè mú kúrò. Dókítà tó fẹ́ kun èèyàn lóorun ń bẹ̀rù ohun tí aláìsàn fi pamọ́. Bí ó bá ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà, kí ẹ má sì mu omi lásán fún wákàtí méjì ṣáájú, ó ní ìdí: bí oorun bá ti gbé yín, oúnjẹ inú ikùn lè gòkè wá, kó dà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ ò sì ní lè húkọ́ tú u jáde. Màmá àgbà tó rọra fún ọmọ ní ẹ̀kọ díẹ̀ nítorí àánú, ewu ló fi lé e lórí. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè sún iṣẹ́ náà síwájú, tó bá sì jẹ́ pàjáwìrì, wọ́n ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n máa gbé e gbà tí wọ́n bá ti mọ̀.

Ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, àti agbo pẹ̀lú, torí àwọn kan nínú rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù tàbí kí ìfúnpá yí padà. Ẹni tó jẹ́ SS kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í, torí bí ọ́síjìn bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ tàbí tí òtútù bá mú un ní tíátà, ó lè dá ìrora ńlá sílẹ̀, wọ́n sì ní láti gbára dì fún un. Bí ẹnì kan nínú ẹbí, ní ìhà bàbá tàbí ní ìhà ìyá, bá ti ní ìṣòro lábẹ́ oògùn oorun rí, tí ara rẹ̀ gbóná sódì, tí kò tètè lè mí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí tí ó kú sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní ká má sọ ọ́ síta, ẹ sọ ọ́ fún akunilóorun. Ìṣòro oògùn oorun kan wà tó ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ láti òbí sọ́mọ, oògùn mìíràn sì wà tó lè lò dípò rẹ̀, tó bá ti mọ̀ kó tó fa abẹ́rẹ́.